Gbùngbùn ìwúwo: Ọ̀rọ̀ físíìsì tó yẹ kí gbogbo awakọ̀ mọ̀

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 29, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2023 ni kọ̀ǹténà ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 20 tí tírélà kan gbé já lé bọ́ọ̀sì akérò kan lórí ní Ojúẹlẹ́gba, nílùú Èkó. Èrò ni bọ́ọ̀sì náà ń kó lọ́wọ́. Ènìyàn mẹ́sàn-án ló kú, àwọn ọmọdé sì wà nínú wọn. Obìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n rí fà yọ láàyè. Kì í sì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí irú rẹ̀ wáyé níbẹ̀ nìyẹn. Nínú oṣù kẹsàn-án, ọdún 2015, ní Ojúẹlẹ́gba yìí kan náà, kọ̀ǹténà já bọ́ láti orí afárá lé ọkọ̀ jíìpù kan, ènìyàn mẹ́ta ló bá a lọ.

Nígbàkigbà tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, ohun tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn kò ju mẹ́rin-márùn-ún lọ: bíréèkì ló já, dírẹ́bà ló mutí, ọ̀nà ni kò dáa, eré àsápajúdé ni, àbí kí wọ́n ní iṣẹ́ ayé ni. A kò sọ pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí wọn kì í sábà dárúkọ, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ń pinnu bóyá ọkọ̀ tó sáré wọ kọ́nà yóò dúró lórí táyà rẹ̀ tàbí yóò fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Àwọn olùkọ́ físíìsì mọ̀ ọ́n dáadáa. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ti kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n ti fi ṣèdánwò, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti gbàgbé rẹ̀ kí èsì ìdánwò tó jáde. Gbùngbùn ìwúwo la ó máa pè é nínú àròkọ yìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ náà, nítorí pé ibẹ̀ ni àṣìyé ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fún agbára tí ilẹ̀ fi ń fa nǹkan mọ́ra, inú èdè Látìn ni wọ́n ti yá a, ohun tó sì túmọ̀ sí níbẹ̀ kò ju wíwúwo lọ. Lédè tiwa, òòfà ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pe agbára yìí, ó sì bójú mu, torí pé fífà ni ilẹ̀ ń fà wá. Àléébù kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé òòfà náà là ń pe irin tó ń fa irin mọ́ra, irú èyí tó máa ń wà lẹ́yìn ẹ̀rọ agbóhùnsókè. Òòfà onírin a máa ṣàṣàyàn: ó ń fa ìṣó, kò fa ewé. Ilẹ̀ kò mọ àṣàyàn kankan. Ìṣó ni o, ewé ni o, ọba ni o, ìwọ̀fà ni o, gbogbo rẹ̀ pátá ló ń fà. Nítorí náà, tó bá jẹ́ pé ibi tí nǹkan ti wúwo là ń sọ, ó sàn ká lo ìwúwo, ká fi òòfà sílẹ̀ fún agbára tó ń fà á.

Gbùngbùn ńkọ́? Bí Yorùbá bá ní àárín gbùngbùn ọjà, àárín tó jẹ́ àárín gan-an ló ń sọ. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti fura. Gbùngbùn ìwúwo kì í ṣe àárín nǹkan, àárín ìwúwo nǹkan ni. Àwọn méjèèjì lè pàdé, wọ́n sì lè jìnnà síra. Àwọn kan lè fẹ́ràn ibùjókòó ìwúwo ju gbùngbùn lọ, a kò ní bá wọn jà. (Àwọn oníròyìn Gẹ̀ẹ́sì náà ti gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ inú òṣèlú: wọ́n á ní gbùngbùn ìwúwo ẹgbẹ́ kan ti kúrò ní apá kan orílẹ̀-èdè lọ sí òmíràn. Kò burú, ṣùgbọ́n agbára ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, kì í ṣe ìwúwo.)

Ohun tó túmọ̀ sí gan-an rèé. Gbogbo nǹkan tí a lè fọwọ́ kàn ló ní ẹ̀yà kéékèèké, ilẹ̀ sì ń fa ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ẹ̀yà wọ̀nyí. Bí a bá pa gbogbo fífà náà pọ̀, ojú ibì kan wà tó máa dà bíi pé gbogbo ìwúwo nǹkan náà kóra jọ sí. Bí ẹ bá ti gbá ojú ibẹ̀ mú, ẹ ti gbá gbogbo rẹ̀ mú. Archimedes, ará ìlú Syracuse tó kú ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì ó lé igba ọdún sẹ́yìn, ti ṣírò rẹ̀ fún àwòrán onígun mẹ́ta àti àwọn mìíràn, kí ẹnikẹ́ni tó lálàá ọkọ̀ tírélà.

Ẹ mú rúlà ọmọ iléèwé tó gùn ní sẹ̀ńtímítà 30, kí ẹ gbé e dábùú ìka kan. Àfi tí ìka yín bá wà lábẹ́ 15 ni kò fi ní já bọ́. Àárín rúlà àti àárín ìwúwo rẹ̀ pàdé níbẹ̀. Ó yá, ẹ gbé rúlà sílẹ̀, kí ẹ mú àáké. Ẹ ó rí i pé ẹ ní láti sún ìka lọ sí ẹ̀gbẹ́ irin, ó máa fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọrùn àáké, kó tó dúró. Bí àáké bá gùn tó apá, gbùngbùn ìwúwo rẹ̀ kò sí lágbedeméjì apá, ọ̀dọ̀ ẹni tó wúwo jù ló sún mọ́.

Èyí tó yani lẹ́nu jù ni ti òṣùká. Aṣọ tí a ká roboto tí a fi ń ru ẹrù, ihò ló wà láàárín rẹ̀. Inú ihò yẹn ni gbùngbùn ìwúwo òṣùká wà, níbi tí kò sí òwú kankan. Bẹ́ẹ̀ ni ti ẹ̀gbà ọwọ́, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ti táyà. Ìyẹn ni pé gbùngbùn ìwúwo nǹkan lè wà lóde ara nǹkan náà. Dick Fosbury, ọmọ Amẹ́ríkà tó gba wúrà nínú ìdíje fífò sókè ní Òlíńpíìkì Mẹ́síkò lọ́dún 1968, ọgbọ́n tó lò nìyẹn. Ẹ̀yìn ló fi ń kọjá lórí ọ̀pá, ó ń tẹ ara rẹ̀ kọdọrọ bí ọrun. Nígbà tí ara rẹ̀ ń gba òkè ọ̀pá kọjá, ìṣirò fi hàn pé gbùngbùn ìwúwo ẹni tó bá fò bẹ́ẹ̀ lè gba ìsàlẹ̀ ọ̀pá. Ọgbọ́n yẹn ni gbogbo àwọn tó ń díje níbẹ̀ ń lò títí dòní.

Kí ni gbogbo èyí kàn nínú ọ̀rọ̀ ṣíṣubú? Òfin kan ṣoṣo ni, kò sì le. Ẹ rántí okùn tí bíríkìlà máa ń so nǹkan wúwo mọ́ nídìí láti mọ̀ bóyá ògiri dúró ṣánṣán. Ká ní a lè so irú okùn bẹ́ẹ̀ mọ́ gbùngbùn ìwúwo nǹkan, kó sì jù sílẹ̀. Bí ìdí okùn bá bọ́ sáàárín ibi tí ẹsẹ̀ nǹkan náà ká mọ́ nílẹ̀, kò ní ṣubú. Bí ó bá fi bó ṣe wù kó kéré mọ bọ́ sóde ibẹ̀, ó ti ń lọ nìyẹn, àfi tí nǹkan mìíràn bá dá a dúró. Ilé gogoro Pisa ní Ítálì tẹ̀ débi pé wọ́n tì í pa lọ́dún 1990, wọ́n ṣiṣẹ́ lé e lórí títí di ọdún 2001 kí wọ́n tó tún un ṣí, bẹ́ẹ̀ kò wó lulẹ̀ láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Títẹ̀ kọ́ ni ṣíṣubú. Ìdí okùn rẹ̀ kò tíì jáde ní ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni.

Àwọn baba wa mọ èyí láìsí pé wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Wọ́n ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Òkúta mẹ́ta kò lè mì lórí ilẹ̀ tí kò tẹ́jú, nítorí pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló máa fìdí kanlẹ̀, ìkòkò sì jókòó sáàárín wọn pẹ̀lú ìdí rẹ̀ tó wúwo. Tábìlì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ló máa ń ṣe jẹ́gẹ́-jẹ̀gẹ̀ nínú búkà tí wọ́n á fi páálí sí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan.

Kí wá ló dé tí kẹ̀kẹ́ Marúwá, tí ẹsẹ̀ òun náà jẹ́ mẹ́ta, ń dojú dé lójoojúmọ́? Ọ̀rọ̀ ibi tí ẹsẹ̀ wà ni. Ààrò mẹ́ta yí ìkòkò ká dọ́gba-dọ́gba. Ti kẹ̀kẹ́ Marúwá, méjì wà lẹ́yìn, ẹyọ kan ló wà níwájú, torí náà ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká mọ́ fẹ̀ lẹ́yìn, ó sì rí ṣóńṣó níwájú. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì níbi tó ti ń yà, ìwúwo rọ́ lọ síwájú, síbi tó ti rí ṣóńṣó, ó sì tún rọ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìdí okùn á jáde wẹ́rẹ́. Bí èrò bá tún jókòó ti awakọ̀ níwájú, á wá burú sí i. Ẹni tó bá ń wa kẹ̀kẹ́ yìí, kó dín eré kù kó tó yà, kó má dúró dìgbà tó bá ń yà lọ́wọ́.

Ara tiwa náà ń ṣe ìṣirò yìí látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ìyá tó pọn ọmọ á tẹ̀ síwájú díẹ̀, aláboyún á fẹ̀ sẹ́yìn, ẹni tó gbé garawa omi lọ́wọ́ ọ̀tún á tẹ̀ sósì. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn. Ẹni tó fẹ́ ja gídígbò á yàkàtà, á sì bẹ̀rẹ̀, kí gbùngbùn ìwúwo rẹ̀ lè wá sílẹ̀, kí ilẹ̀ tó dúró lé sì fẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bó ṣe ń rí nígbà tí ara kò bá ráyè ṣe é, ẹ fẹ̀yìn ti ògiri, kí gìgísẹ̀ kan ògiri gbá, kí ẹ wá bẹ̀rẹ̀ láti fọwọ́ kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ láì tẹ orúnkún. Kò ní ṣeé ṣe. Ìdí kò ráyè lọ sẹ́yìn, orí àti àyà sì ti lọ síwájú. (Àwọn àgbàlagbà tó ń kà wá, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ṣe é.)

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí orí títì. Bí ọkọ̀ bá wọ kọ́nà, táyà ń yà, ṣùgbọ́n ara ọkọ̀ àti ẹrù inú rẹ̀ fẹ́ máa lọ tààrà bí wọ́n ṣe ń lọ tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí èjìká èrò fi máa ń gbára lé ara wọn nínú dánfó. Ó dà bíi kí ẹnìkan máa ti ọkọ̀ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ojú gbùngbùn ìwúwo ló sì ń gbé ọwọ́ lé tì í. Bí ojú ibẹ̀ bá wà nísàlẹ̀, títì náà kò lè ṣe nǹkan kan. Bí ó bá wà lókè, ó dà bí ẹni tó ń ti igi látòkè, á wó ju kó ti nídìí lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò díẹ̀ sí i. Kọ̀ǹténà tó wọ́pọ̀ fẹ̀ ní bíi mítà 2.44, ó ga ní mítà 2.59. Bí pẹpẹ tírélà bá ga tó mítà kan ààbọ̀ sílẹ̀, tí ẹrù kún inú kọ̀ǹténà dọ́gba, gbùngbùn ìwúwo ẹrù náà máa wà ní nǹkan bíi mítà 2.8 sókè. Ó ga ju ọkùnrin tó ga jù lọ ládùúgbò yín lọ. Láti àárín tírélà dé etí táyà rẹ̀ kò sì ju nǹkan bíi mítà 1.2 lọ. Ẹ pín 1.2 sí 2.8, ohun tó máa jáde ni 0.43. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí títì ẹ̀gbẹ́ bá ti lé díẹ̀ ní ìdá méjì nínú márùn-ún ìwúwo ọkọ̀ náà, ó di ilẹ̀. A kò tíì ka mímì sípíríìnì àti táyà mọ́ ọn, èyí tó ń mú kó tètè ṣubú ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ gbé irú ọkọ̀ yìí wọ kọ́nà tó yí bí òbìrí tó fẹ̀ ní 100 mítà. Bó bá sá 30 kìlómítà láàárín wákàtí kan, títì ẹ̀gbẹ́ kò ju ìdá kan nínú méje ìwúwo rẹ̀ lọ, kò sí wàhálà. Bó bá sá 60, ẹ̀ẹ̀mejì eré tàkọ́kọ́, títì kì í di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ló ń dì. Ó ti ju ìdajì ìwúwo ọkọ̀ lọ nìyẹn, ó ti kọjá 0.43. Ibi tí àwọn dírẹ́bà máa ń ṣì í nìyí: wọ́n rò pé eré díẹ̀ tí àwọn fi kún un, ewu díẹ̀ ló fi kún un. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré máa wọ kọ́nà kan náà ní 60 láì dojú dé, nítorí pé gbùngbùn ìwúwo tirẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju orúnkún lọ. Bó bá tilẹ̀ fẹ́ já mọ́ awakọ̀ lọ́wọ́, yíyọ̀ ló máa kọ́kọ́ yọ̀. Ìyẹn ni onítírélà tó bá ń tẹ̀lé ọkọ̀ kékeré wọ kọ́nà ní eré kan náà ṣe ń fi ẹ̀mí tayò.

Èmi kì í tètè dá dírẹ́bà lẹ́bi o. Kọ̀ǹténà tó gbé, wọ́n ti dì í, wọ́n ti fi èdìdì sí i láti ilẹ̀ òkèèrè. Kò mọ̀ bóyá irin ló wà nísàlẹ̀ tí tìmùtìmù wà lókè, àbí òdìkejì rẹ̀. Láti ọjọ́ 1, oṣù keje, ọdún 2016, òfin àgbáyé ti sọ ọ́ di dandan kí wọ́n wọn kọ̀ǹténà kí ó tó wọ ọkọ̀ ojú omi, kí iye ìwúwo rẹ̀ sì wà lákọsílẹ̀. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n iye ìwúwo ni wọ́n wọ̀n, kì í ṣe ibi tí ìwúwo náà fìdí sí, dírẹ́bà tó ń gbé e jáde ní Àpápá sì nílò méjèèjì. Kọ̀ǹténà méjì lè wọn tọ́ọ̀nù 20 ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀kan gba kọ́nà kọjá, kí èkejì dojú dé.

Ti táńkà epo tún yàtọ̀, nítorí pé epo kì í jókòó sójú kan. Bí táńkà bá kún dẹ́nu, epo kò ráyè mì. Bí ó bá kù sí ààbọ̀, tí awakọ̀ sì yà, gbogbo epo náà á rọ́ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, gbùngbùn ìwúwo á sì bá a lọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pín inú táńkà sí yàrá-yàrá. Ní ọjọ́ 15, oṣù kẹwàá, ọdún 2024, táńkà kan dojú dé ní Majiya, ìpínlẹ̀ Jigawa. Iná ṣẹ́ níbi tí àwọn èèyàn ti ń gbọ́n epo rẹ̀, àwọn tó kú lé ní 150. Lọ́dún 2025, àjọ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ epo rọ̀bì, NMDPRA, kéde pé láti ọjọ́ 1, oṣù kẹta, táńkà tó ń gba 60,000 lítà kò gbọdọ̀ gbé epo lórí títì mọ́.

Nínú ilé pàápàá, kí ẹ wo kọ́bọ́ọ̀dù tí ọmọdé fa gbogbo dúrọ́ọ̀ rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí telifíṣàn ńlá lórí tábìlì tóóró. Kí ẹ wo ọkọ̀ ojú omi tí èrò inú rẹ̀ dìde dúró nítorí ìjì. Òfin kan náà ni.

Ṣé ọkọ̀ gíga kò wá lè ní ìfàyàbalẹ̀ láéláé ni? Ó lè ní in. Àwọn tó ti gun bọ́ọ̀sì alájà méjì ní London mọ̀ pé ó ga fíofío. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gbà á láyè láti gbérò, wọ́n gbọ́dọ̀ di ẹrù tó wúwo tó èrò sí àjà òkè, kí àjà ìsàlẹ̀ ṣófo, kí wọ́n wá tẹ bọ́ọ̀sì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní dígíríì 28. Bó bá ṣubú, kò gba ìwé. Ohun tó ń gbà á là ni pé ẹ́ńjìnnì, táyà àti àwọn irin tó wúwo wà nísàlẹ̀ pátápátá, páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló wà lókè. Àwọn tó ń di ẹrù iṣu, jẹnẹrétọ̀ àti àpò gààrí sórí bọ́ọ̀sì akérò lọ́nà Ọ̀yọ́ sí Ìlọrin, òdìkejì ohun tí ẹni tó ṣe bọ́ọ̀sì náà rò ni wọ́n ń ṣe. Ohun tó bá wúwo, ìsàlẹ̀ ni kó wà. Tìmùtìmù àti agbọ̀n òfìfo ni ti orí ọkọ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan lórí kọ̀ǹténà. Igun mẹ́rin tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ní ihò, wọn kò dá ihò yẹn sí i fún ẹwà. Pẹpẹ tírélà tó yẹ máa ń ní irin bíi kọ́kọ́rọ́ mẹ́rin tó ń wọ inú àwọn ihò náà, tí wọ́n á sì yí kó há. Bí wọ́n bá há, kọ̀ǹténà àti tírélà di ara kan, ìwúwo ẹ́ńjìnnì àti táyà nísàlẹ̀ á bá wọn fa gbùngbùn wálẹ̀. Bí wọn kò bá há, tàbí tó jẹ́ pé okùn ni wọ́n fi dè é, kọ̀ǹténà dá dúró fúnra rẹ̀ lókè ibẹ̀, ó sì lè já bọ́ kí tírélà máa lọ. Ẹni tó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tírélà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lè fojú ara rẹ̀ wò ó: láti inú dánfó, ojú wíńdò gan-an ni igun ìsàlẹ̀ kọ̀ǹténà máa ń wà. Bí irin ibẹ̀ kò bá há, kí awakọ̀ yín má ṣe bá a gun afárá pọ̀.